Ẹ Bi Oníkálàmù: Ẹ Gba Pílíásì Yẹn Lọ́wọ́ Àbúrò Yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá yà mí lẹ́nu, mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ṣì ń da ara mi láàmú lórí pẹ́ẹ̀nì oníńkì, àṣé a pọ̀ díẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ mi ni pé mò ń ra fáńténì pẹ́ẹ̀nì àtijọ́, mò ń tún un ṣe, mò ń tà á, ẹni tó bá sì ní tiẹ̀ tó ti bà jẹ́, mò ń bá a tún un ṣe. Mi ò sọ bírò o. Èyí tó ń fa íńkì mu bí ẹ̀fọn ni mò ń wí, èyí táwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba máa ń fi ìkọ́ rẹ̀ há àpò àyà káráyé lè rí i. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oníkálàmù, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, a wá rí pẹ́ẹ̀nì kan nínú báàgì tí wọ́n máa ń tì pa, Parker 51, ara rẹ̀ dúdú, ọmọrí rẹ̀ ní àwọ̀ góòlù. Ọdún 1958 tí wọ́n wà nílùú òyìnbó ni wọ́n rà á. Ọmọrí ṣí, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò yí rárá, ẹnu rẹ̀ sì ti gbẹ. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká fi pílíásì yí i. Mo ní kó dúró kí n kọ́kọ́ bi yín. — Àkọ́bí Akọ̀wé, Ìbàdàn

Olúwa ṣeun tẹ́ ẹ ní kó dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba pílíásì yẹn lọ́wọ́ àbúrò yín, ẹ fún un ní mínírà kó jókòó. Pẹ́ẹ̀nì tí ọjọ́ orí bà jẹ́ tó dé orí tábìlì mi ò tó ìdajì èyí tí pílíásì bà jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ wo etí ọmọrí rẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ Made in England ni wọ́n fín síbẹ̀, á jẹ́ pé Newhaven ni wọ́n ti ṣe é, ìlú kékeré kan létí òkun ní Sussex, ibẹ̀ ni Parker wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó kéde lọ́dún 2009 pé àwọn ń kó iṣẹ́ náà lọ sí Faransé. Amẹ́ríkà ni Parker 51 ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1941, àwọn ti àkọ́kọ́ yẹn ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́yìn tó máa ń jẹrà, àmọ́ láti 1948 ni wọ́n ti yí i padà, wọ́n fi àpò ike sí i, wọ́n fi páìpù irin bò ó. Tó bá jẹ́ pé tuntun ni bàbá rà á ní 1958, irú ti ẹ̀yìn yìí ló máa jẹ́, ẹ yọ̀, torí àpò ike yẹn kì í kú bọ̀rọ̀. Mo ti ṣí èyí tó lé ní àádọ́ta ọdún tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, omi ló fà lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó di ìdí rẹ̀ mú ò ju íńkì gbígbẹ lọ. Ẹ bu omi sínú ife, èyí tí ò gbóná tí ò sì tutù nini, ẹ ki ẹnu pẹ́ẹ̀nì bọ̀ ọ́ kí omi kọjá òrùka tó wà láàárín, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á dúdú. Ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Ara Parker 51 ò kọ omi, àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo pẹ́ẹ̀nì ló rí bẹ́ẹ̀ o, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wá dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ẹ fi agbára rẹ̀ sí èyí tó kéré jù, ẹ fẹ́ ẹ sí oríkèé tí ọrùn àti ìdí rẹ̀ ti pàdé, ẹ máa yí pẹ́ẹ̀nì náà bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ, tó bá ti gbóná ju ohun tẹ́ ẹ lè fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ wá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ sí méjì, ẹ fi ọ̀kan di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ fi ìkejì di ìdí, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ lásán yí i sí òsì. Tí ò bá gbà, ẹ dá a padà sínú omi. Tí ò bá tún gbà, omi. Kò sígbà tí ìdáhùn máa jẹ́ pílíásì.

Tó bá ti ṣí, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan lára páìpù yẹn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ nínú omi, kí omi máa wọlé kó máa jáde títí á fi mọ́. Èyí tó máa kọ́kọ́ jáde á dà bí omi aró. Íńkì tí bàbá fà sí i kẹ́yìn nìyẹn. Obìnrin kan gbé ti bàbá rẹ̀ wá bá mi níjọ́sí, ó ní kí n bá òun tọ́jú omi àkọ́kọ́ yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni, àṣé kò ṣàwàdà, mo bá wá ìgò òògùn kékeré kan, mo dà á sí i fún un.

Ó ku ohun kan. Tí wọ́n bá fín orúkọ bàbá sára rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni họ ọ́ kúrò. Àwa oníṣòwò la máa ń sọ pé orúkọ ń bu owó pẹ́ẹ̀nì kù, èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń rà, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò tà á, àbí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń rí jẹ nídìí iṣẹ́ yìí ṣá? Kí lẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Màmá mi ní kí n bi yín bóyá ẹ níyàwó. — Aláìgbàgbọ́, Manchester

Ẹ bá mi kí màmá. Mo níyàwó, òun ló ń ra oúnjẹ lóṣù tí ọjà ò bá yá.

Ọjọ́ mi ò dọ́gba. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ rajà, aago mẹ́rin òru ni mo máa ń jí. Pápá ìsáré ẹṣin kan wà ní Kempton, lápá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà àwọn nǹkan àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni géètì ń ṣí. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà yẹn, tọ́ọ̀ṣì la fi ń wo ọjà. Àwọn tó lọ kó ẹrù nílé ẹni tó ti kú ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ́ẹ̀nì àti ìkọ́ ìlẹ̀kùn, ọ̀kan náà ni lójú wọn, inú páálí bàtà kan náà ni wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ sí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn òtútù, àmọ́ ẹni tó bá dé ní aago mẹ́jọ, páálí òfìfo ló máa bá.

Èèyàn á kọ́kọ́ wo ibi tó ń dán. Èmi, ọmọrí ni mo máa kọ́kọ́ ṣí, màá wo ẹnu. Ẹnu góòlù tí ò ya, tí hóró kékeré tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ ṣì kù, ìyẹn lè gba gbogbo pẹ́ẹ̀nì là. Hóró yẹn kì í ṣe góòlù, góòlù rọ̀ jù, pépà á jẹ ẹ́ tán láàárín ìgbà díẹ̀, irin líle bí irídíọ̀mù ni wọ́n jó mọ́ ọn. Tí ìyẹn bá ti jẹ tán, ẹ̀ṣọ́ lásán lẹ rà. Lóṣù tó kọjá mo ra 11 ní 40 pọ́ùn, mẹ́rin ló wúlò, mẹ́ta ni mo tú láti fi ara wọn ṣe ara àwọn yòókù, mẹ́rin tó ṣẹ́kù wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ń wò mí.

Ọjọ́ tí ò sí ọjà, ìdí fèrèsé ni mo máa ń wà láti àárọ̀ torí ìmọ́lẹ̀. Àpò rọ́bà ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀nì ayé ìjọ́un ló ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa fi èékánná gbé e sókè, á fún àpò rọ́bà tó wà nínú, tẹ́ ẹ bá dá a padà, àpò á fẹ̀, á fa íńkì mu. Walter Sheaffer tó ń ta góòlù àti aago ní Fort Madison, ní Iowa, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ tiẹ̀, èyí tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, lórí irú ẹ̀ lọ́dún 1908. Rọ́bà yẹn kì í pẹ́ láyé bí ara pẹ́ẹ̀nì. Ẹ gbọ̀n ọ́n létí, tó bá ń dún ṣakaṣaka bí èpo ẹ̀pà nínú agolo, rọ́bà ti gan, ó ti fọ́ nìyẹn. Màá fi ooru tú ọrùn rẹ̀, màá gbá pàǹtírí inú rẹ̀ jáde, màá gé rọ́bà tuntun tó bá a mu. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ta rọ́bà yẹn: nọ́ńbà 16, ìyẹn ni pé ẹ gé ìnṣì kan sọ́nà 64, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 nínú rẹ̀. Ṣẹ́láàkì ni màá fi lẹ̀ ẹ́. Àwọn kápẹ́ńtà wa mọ ṣẹ́láàkì dáadáa, oje tí kòkòrò kan ń tu sára igi ní Íńdíà ni, wọ́n ń fi sípíríìtì pò ó láti fi kun àga kó máa dán. Ìdí tí mo fi ń lò ó ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí pẹ́ẹ̀nì yẹn ní ogún ọdún sí i, ooru díẹ̀ ló máa fi tú u, kò ní fọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà páúdà tí ò ní lọ́fínńdà, màá wá gbé e sílẹ̀ di ọ̀la. Ohun tí mò ń tà gan-an nìyẹn, "di ọ̀la."

Kí n tó jẹ́ kí omi kan pẹ́ẹ̀nì kankan, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò gbo ó kó gbóná, màá gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí rọ́bà jíjóná, ẹ́bónáìtì ni, rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè kó lè le. Omi àti oòrùn máa ń mú kó ṣá, dúdú rẹ̀ á di bíráùn bí agbádá tó ti pẹ́ lórí okùn. Tó bá ń rùn bí káfúrà inú àpótí aṣọ ìyá àgbà, sẹ́lúlọ́ìdì ni, irú ike àtijọ́ kan, ẹ má gbé iná sún mọ́ ọn, wéré ló ń gbiná. Èyí tó burú jù ni èyí tí wọ́n fi wàrà ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Késíìn ni wọ́n ń pè é, ohun tó wà nínú wàrà tó ń di wàràkàṣì yẹn náà ni, kẹ́míkà ni wọ́n fi ń mú un le. Conway Stewart, ilé iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1905, fi ṣe àwọn pẹ́ẹ̀nì aláràbarà tó lẹ́wà gan-an. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi nídìí iṣẹ́, mo rẹ ọ̀kan sínú omi mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́ ó ti wú bí gààrí. Pẹ́ẹ̀nì kọ́sítọ́mà ni o. Mo san owó rẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́ lé e.

Ọ̀sán ni fọ́tò, lẹ́tà àti pósítọ́fíìsì. Ẹlòmíì á bi mí ní ìbéèrè mẹ́tàdínlógún lórí pẹ́ẹ̀nì 35 pọ́ùn, á wá ní òun máa ronú sí i. Ẹnì kan dá tiẹ̀ padà, ó ní ẹnu rẹ̀ ti wọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, mo fi awò wò ó, ó ti fẹnu gbálẹ̀, símẹ́ńtì ṣì wà lára rẹ̀. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ìjà ò dọlà. Alẹ́, mi ò kì í fọwọ́ kan ẹnu góòlù mọ́, ojú tó ti rẹ̀ ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ṣé wọ́n ń rí jẹ? À ń rí jẹ, a ò rí èyí tó ṣẹ́kù. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ mo ṣì ń lọ ṣiṣẹ́ oṣù níbòmíì, ẹ sọ ìyẹn fún màmá.

Àsàláámù aléékún, arákùnrin wa. Mo ní àwọn ọmọ kéú, a ṣì ń fi gègé kọ wàláà, tàdáà tá a sè fúnra wa la sì ń lò. Ẹnì kan fún mi ní fáńténì pẹ́ẹ̀nì. Ṣé mo lè rọ tàdáà wa sínú rẹ̀? — Alfa Onítàdáà, Ìlọrin

Wàléékún sàláàmù, Alfa. Ẹ má dán an wò o. Kì í ṣe pé tàdáà yín ò dáa, ó ti dáa jù fún irú pẹ́ẹ̀nì yìí ni. Èédú dúdú àti oje igi ló wà nínú rẹ̀. Èédú kì í yọ́ nínú omi, ó kàn ń léfòó ni, tí omi bá ti gbẹ á jókòó síbi tó bá wà. Lórí wàláà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn. Nínú fáńténì pẹ́ẹ̀nì, ikú nìyẹn.

Ẹ wo abẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ máa rí nǹkan dúdú kan tí wọ́n la ojú ọ̀nà sí, ọ̀nà tó tín-ín-rín bí irun. Íńkì ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ gòkè lọ dípò rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sórí agolo mílíìkì, kò ní dà dáadáa, àfi tẹ́ ẹ bá lu ìkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ohun tí Lewis Waterman gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní New York lọ́dún 1884 ò jìnnà sí agolo mílíìkì yẹn. Kó tó dìgbà yẹn, pẹ́ẹ̀nì lè má dà rárá, ó sì lè da gbogbo inú rẹ̀ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan. Èédú tó bá wọ ọ̀nà tín-ín-rín yẹn, tí oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, mo lè fi ọ̀sẹ̀ méjì wá a kó má jáde tán.

Gègé tẹ́ ẹ gbẹ́ ló yẹ tàdáà yín, kò ní ọ̀nà tó lè dí, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ó parí. Íńkì ìgò tí wọ́n ń tà fún fáńténì pẹ́ẹ̀nì ni kẹ́ ẹ rà fún èkejì. Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi íńkì ìgò yẹn kọ ohun tẹ́ ẹ máa fọ̀ fún ẹnikẹ́ni mu o. Wọ́n ń fi kẹ́míkà sí i kó má baà hu funfun, inú èèyàn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Nígbà tá a wà ní sùkúù, ihò wà lórí tábìlì tá a ń ki ìgò íńkì bọ̀, ẹni tó bá mú bírò wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló tiẹ̀ sọ ọ́ ní bírò? — Tíṣà Àgbà, Iléṣà

Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ kú ọjọ́ tíṣà. Orúkọ èèyàn ni bírò. László Bíró, akọ̀ròyìn ará Hungary, òun ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́dún 1938 lórí pẹ́ẹ̀nì tó ní bọ́ọ̀lù róbótó lẹ́nu, nígbà tí ogun dé ó sá lọ sí Argentina, ibẹ̀ ló ti parí iṣẹ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń pe gbogbo irú pẹ́ẹ̀nì bẹ́ẹ̀ ní bírò, ọ̀dọ̀ wọn la ti gbà á; tẹ́ ẹ bá sọ bírò fún ará Amẹ́ríkà, á kàn máa wò yín ni. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta pẹ́ẹ̀nì alábọ́ọ̀lù ní New York ní October 1945, dọ́là 12 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń tà á, owó ńlá nígbà yẹn. Lọ́dún 1950 ni Bic gbé tiwọn jáde ní Faransé, èyí tí owó rẹ̀ kéré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, ọ̀rọ̀ fáńténì pẹ́ẹ̀nì bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ látìgbà yẹn.

Ní ti ọwọ́ ìkọ̀wé, àwọn tíṣà yín ò purọ́ tán. Bírò ń fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó yí, ọmọdé á wá fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù, ọ̀rọ̀ á wọ́. Fáńténì pẹ́ẹ̀nì, ẹ kàn máa gbé e lé pépà ni, íńkì á wá fúnra rẹ̀. Àwọn tó fi bírò dàgbà tó wá ń ra pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ mi báyìí, títẹ̀ yẹn ni wọ́n ń bá wá, òun ló ń la ẹnu góòlù sí méjì bí ẹnu ẹyẹ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí irú ẹ̀ ò kéré.

Ẹ̀gbọ́n, lọ́yà ni mí. Mo ra Montblanc 149 kan, pẹ́ẹ̀nì olówó ńlá táwọn ará Jámánì ń ṣe yẹn, lọ́wọ́ ẹnì kan ní kóòtù, ó ní bọ̀dá òun tó wà ní Jámánì ló fi ránṣẹ́, ó sì dín owó rẹ̀ kù gan-an fún mi. Ó ń kọ̀wé dáadáa. Ṣé ojúlówó ni? — Lọ́yà, Abẹ́òkúta

Bọ̀dá tó wà ní Jámánì yẹn, ẹ̀gbọ́n gbogbo wa ni.

Ẹ tú ìdí rẹ̀ wò. 149 ti wà láti ọdún 1952, kò sì sí ojúlówó tó ń lo kátíríìjì, íńkì inú ike kékeré tí wọ́n ń pààrọ̀. Ìdí rẹ̀ lẹ máa yí, písítìn inú rẹ̀ á fa íńkì. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ bá páìpù ike kékeré kan tó ṣeé yọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má jẹ́ kí 4810 tí wọ́n fín sẹ́nu rẹ̀ tàn yín, gíga òkè Mont Blanc ní mítà bí wọ́n ṣe máa ń kà á tẹ́lẹ̀ ni, àwọn ayédèrú náà mọ nọ́ńbà yẹn sórí. Ẹ tún gbé mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́nu rẹ̀: tó bá fà á, kì í ṣe góòlù. Tí ò bá fà á, ìyẹn náà ò sọ pé góòlù ni o, torí irin kan wà tí mágínẹ́ẹ̀tì ò kì í fà. Ẹ̀yin lọ́yà mọ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Tó bá ṣáà ń kọ̀wé dáadáa, ẹ máa lò ó. Ẹ kàn má kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún.

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé, wọ́n nà mí títí ní pírámárì wọn ò rí i yí padà. Fáńténì pẹ́ẹ̀nì tí mo rà, ọwọ́ mi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ṣé kí n jáwọ́? — Alọ́wọ́ òsì, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n na àwa náà torí nǹkan mìíì. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ yín ń wà. Tó bá ń wà nísàlẹ̀ ìlà tẹ́ ẹ̀ ń kọ, ẹ ò níṣòro kankan, ẹ kàn yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òkè ìlà lẹ ń ká ọwọ́ sí, bí ẹni fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra, òun ló ń pa á rẹ́, ẹ lo ẹnu tó tín-ín-rín àti íńkì tó ń tètè gbẹ, ẹ sì sá fún pépà tó ń dán. Tó bá jẹ́ pẹ́ẹ̀nì tí ẹlòmíì ti lò rí lẹ rà tó ń ha pépà lọ́wọ́ yín, ó lè jẹ́ pé ọdún púpọ̀ ni ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé ti fi lò ó, ṣóńṣó rẹ̀ ti jẹ síbi tí ọwọ́ tẹni yẹn fẹ́. Ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó bá yín gbo ó díẹ̀, díẹ̀ ni mo wí o, torí ohun tá a bá gbo kúrò ò ṣeé dá padà.

Mo ń bọ̀ ní Lagos ní December, pẹ́ẹ̀nì mi da íńkì sára ẹ̀wù funfun mi nínú bààlúù lọ́dún tó kọjá. — Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Bí bààlúù ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn íńkì nínú pẹ́ẹ̀nì ń wú, á ti íńkì síta. Ẹ fọ̀ ọ́ kó ṣófo, tàbí kẹ́ ẹ rọ ọ́ kún kó má sáyè fún afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wo òkè. Ìdajì ìdajì ló léwu jù. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, tí ọyẹ́ bá sì mú kí ẹnu rẹ̀ gbẹ, ẹ fi kan omi lásán, á jẹ́.

Mo ti fi súpà gúlù lẹ rọ́bà inú tèmi kí n tó rí kọ́lọ́ọ̀mù yín. Kí ni ṣíṣe? — Mo Jẹ̀bi, Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣé pẹ́ẹ̀nì yẹn ń kọ̀wé? Tó bá ń kọ ọ́, ẹ máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí rọ́bà á fi kú. Ẹ má gbìyànjú àtitú u o, ọrùn rẹ̀ ló máa kán, súpà gúlù yẹn ò ní gbà. Tí kò bá kọ̀wé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò ṣèlérí kankan.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ lè gbà mí? — Ọmọ Iṣẹ́, Woolwich

Mi ò tíì mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ ra mẹ́ta tó ti bà jẹ́, kí ìkankan má jẹ́ góòlù. Esterbrook J ni mo máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Camden ní New Jersey ni wọ́n ti ṣe é, ẹnu irin ló ní, ó sì ṣeé fi ọwọ́ tú bí síkúrù, tẹ́ ẹ bá ba ọ̀kan jẹ́ ẹ lè fi òmíì rọ́pò. Rọ́bà nọ́ńbà 16 ló ń lò. Ẹ ra ṣẹ́láàkì, páúdà, awò ojú kan irú èyí táwọn tó ń tún aago ṣe ń há sójú, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ etí ọmọ fún fífi omi gba ẹnu pẹ́ẹ̀nì kọjá. Dráyà irun, ẹ yá a nílé.

Ẹ fi oṣù mẹ́ta ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá bá mi lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tó ń kọ̀wé sílé, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ bà jẹ́ dání, ká jọ wo ibi tẹ́ ẹ ti kánjú.